Ẹ Má Fi Olùṣọ́ Ìràwọ̀ Ṣẹ̀sín

Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti kéde pé ìràwọ̀ T Coronae Borealis yóò gbiná ní 2024, tí ọdún náà sì re kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí iná kankan, ni ẹnu àwọn ẹlẹ́gàn kò ti sinmi mọ́. Àwọn tí kò gbójú sókè rí lóru ni wọ́n ń pe àwọn tí kò sùn ní òpùrọ́. Èmi kò bá wọn sí níbẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì ni ọ̀kan yìí, òmìrán pupa kan àti aràrá funfun kan tí ń yí ara wọn po ní nǹkan bí ọjọ́ 227. Aràrá náà, abẹ́rẹ́ kékeré tí kì í ṣe mímì fún adìẹ, ni ó ń fa háídrójìn lára òmìrán, tí ó ń tò ó jọ sára títí ìwúwo àti ooru yóò fi mú un bú gbàmù, bí ó ti ṣe ní 1866 àti ní 1946.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìgbà tí yóò tún bú, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa wò, nítorí gbogbo alágbẹ̀dẹ ni ó mọ̀ pé irin tí ó pọ́n kò tíì gbóná tó èyí tí ń funfun. Gáàsì tí ń yí aràrá náà ká, bí ó bá ti gbóná tó ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń fà sí àwọ̀ aró. Kí 1946 tó dé, ìràwọ̀ náà ti mọ́lẹ̀ sí i fún ọdún mélòó kan, aró rẹ̀ sì ṣá nígbà tí ó kù bí ọdún kan. Láti 2015 ó tún mọ́lẹ̀ sí i. Ní 2023 ó tún ṣá. Wọ́n fi àná wé òní, wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́wọ́, mo gbà, ó sì yẹ kí wọ́n rọra. Ṣùgbọ́n ta ni ó fún wọn ní ẹ̀rí ọ̀hún bí kò ṣe àwọn tí ń fi sùúrù sín èèrà kí wọ́n lè rí ìfun rẹ̀, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́ pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀? Àwa oníwèé ìròyìn pàápàá jẹ̀bi: ọjọ́ iná nìkan ni a ń dúró dè.

Leslie Peltier, ọmọ àgbẹ̀ ará Ohio ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi owó èso tí ó ká ra awò rẹ̀ àkọ́kọ́, ti ṣọ́ ìràwọ̀ yìí fún nǹkan bí ọdún 25 nígbà tí ó jí ní òru kan nínú oṣù Èrèlé 1946, tí òtútù mú un, tí ó sì padà sùn. Òru náà gan-an ni ìràwọ̀ gbiná. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n ní ti Peltier, olóhun ni ó ṣọ́lé lójoojúmọ́, ọjọ́ kan tí ó sùn ni olè wọlé. Ó bínú sí ìràwọ̀ náà, ó kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ ní 1965, síbẹ̀ kò dẹ́kun wíwò ó, àfi pé ojú ìfura ni ó fi ń wò ó.