Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Kí Ẹ Tó Kó Owó Lé Kọ̀ǹpútà Géèmù

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, orí ara mi ni mo fi kọ́ ọ. N kò ní purọ́ fún yín pé ẹlòmíràn ni ó ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta gàrí níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ọkọ wọn ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Ọmọ náà jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ń dúró de yunifásítì, ó wá sọ pé kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe géèmù ni òun fẹ́. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yóò máa wá gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ní alẹ́, wọn yóò sì máa san owó. Bí ó bá di ọ̀sán, òun yóò máa fi í kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà. Ó ní òun kò fẹ́ èyí tí wọ́n ti tò tán. Òun fẹ́ ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun fi ọwọ́ ara òun tò ó, nítorí pé bí ó bá bàjẹ́ lọ́la, òun yóò lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà bọ́gbọ́n mu. Ẹ̀gbọ́n mi kó àjọ wọn, ₦450,000, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Tíṣà, ìwọ ni o mọ̀wé nínú wa. Má jẹ́ kí owó gàrí mi ṣòfò o." Èmi náà fi ₦200,000 lé e láti inú owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa.

Ọmọ náà fẹ́ jókòó kọ gbogbo ohun tí a ó rà sílẹ̀, kí ó sì yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ó má da ara rẹ̀ láàmú. Ṣebí olùkọ́ ni mí! A wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, a ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ Èkó, a sì dé Computer Village ní Ìkẹjà kí oòrùn tó mú. Nígbà tí a dé ìdí ráàmù, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí oríṣi méjì: DDR4 àti DDR5. Mo rò ó bí olùkọ́. Mo ní ọmọ kíláàsì karùn-ún lè jókòó ní kíláàsì kẹrin, nítorí náà èyí tí ó ga jù ni kí a rà. Ọmọ náà ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí á bèèrè ná." Mo wò ó lójú, ó dákẹ́.

Nígbà tí a délé, ráàmù kọ̀, kò wọlé. Mo fẹ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára, ọmọ náà sì di ọwọ́ mi mú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò bá ti fọ́ pátákó náà. Mo padà lọ sí Èkó. Ẹni tí ó tà á fún wa kò ṣẹ̀ wá rárá, ohun tí mo bèèrè ni ó fún mi. Ó bá wa pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo pàdánù ₦15,000, láìka owó ọkọ̀. A tò ó tán, a tan iná, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ń yí, ojú rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi dé, ìyẹ̀fun gàrí ṣì wà ní apá wọn. Wọ́n bèèrè pé, "Tíṣà, ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?" N kò rí èsì fọ̀. Ọmọ náà ni ó dá wọn lóhùn pé, "Ó kù díẹ̀, Màmá." Ó fi mí pamọ́, ó sì dùn mí.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó là wá lóye. Gbogbo ohun tí ó kọ́ wa ni mo tò sí ìsàlẹ̀ yìí, kí ẹ̀yin má baà san irú owó ilé-ẹ̀kọ́ tí èmi san.

Èkíní, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní pírósẹ́sọ̀, àti mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó jókòó lé. Ilé iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe ọpọlọ náà jù, Intel àti AMD, ti ọ̀kan kì í sì í wọ ìjókòó ti èkejì. Àní ti ilé iṣẹ́ kan náà pàápàá yàtọ̀ síra. Ìjókòó AM4 ti AMD, tí Ryzen bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2017, ní ihò 1331 fún ẹsẹ̀ kéékèèké tí ó wà lábẹ́ ọpọlọ. Ní AM5, tí ó jáde ní 2022, ara pátákó ni ẹsẹ̀ wà, wọ́n sì jẹ́ 1718. Ti Intel, ìjókòó LGA1700 ni ti ìran 12, 13 àti 14. Ẹ ṣọ́ra fún LGA1151 tí ó pọ̀ lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́rọ tòkúnbọ̀. Orúkọ kan náà ni, iye ẹsẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n pátákó ìran 6 àti 7 kò gba ọpọlọ ìran 8 àti 9. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ohun tí ó sọ ojú kọ̀ǹpútà tiwa di dúdú nìyí. Irú pátákó tí a rà, B450, jáde ní 2018. Ọpọlọ wa, Ryzen 5 5600, wà lára ìran 5000 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2020. Ìjókòó bá ara mu, ṣùgbọ́n ìlànà àkọ́kọ́ tí ó wà nínú pátákó, tí wọ́n ń pè ní BIOS, ti pẹ́. Kò dá àlejò náà mọ̀. Ọkùnrin náà fi ọpọlọ àtijọ́ kan sí i, ó fi BIOS tuntun rọ́pò ti àtijọ́, ó dá tiwa padà, ojú rẹ̀ sì là. Nítorí náà, ẹ wo ìwé àtòjọ tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe pátákó kọ, kí ẹ rí orúkọ ọpọlọ yín níbẹ̀ àti BIOS tí ó bèèrè fún.

Èkejì, ráàmù. DDR4 àti DDR5 ní eyín 288 lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀. AM4 kò mọ̀ ju DDR4 lọ, AM5 kò sì gba ohun mìíràn ju DDR5 lọ. Pátákó LGA1700 kan ń lo DDR4, òmíràn ń lo DDR5. Ẹ ka ohun tí ó wà lára rẹ̀. Ẹ ra ìbejì, 8 àti 8, ó sàn ju ẹyọ 16 kan lọ.

Ẹ̀kẹta, ohun tí ń gbé àwòrán jáde. Ryzen 5 5600 kò ní àwòrán nínú ara rẹ̀. Láìsí káàdì àwòrán, òkùnkùn ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n 5600G ní tirẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó lè fi 5600G bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géèmù tí kò wúwo, kí ó ra káàdì nígbà tí Ọlọ́run bá ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, àpótí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Láti 1995 tí Intel ti gbé ìwọ̀n ATX jáde ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń tẹ̀lé e. Pátákó ATX gùn ní mìlímítà 305, ó fẹ̀ ní 244. Micro-ATX jẹ́ 244 ní ọ̀nà méjèèjì. Èyí tí ó kéré ń wọ àpótí ńlá, èyí tí ó tóbi kì í wọ àpótí kékeré. Ẹ fi rúlà wọn gígùn káàdì àwòrán pẹ̀lú, àti gíga abẹ̀bẹ̀ orí ọpọlọ.

Ìkarùn-ún, iná. Ẹ ṣírò wáàtì bí ẹ ti ń ṣírò èrè ọjà. Ryzen 5 5600 jẹ́ wáàtì 65. Káàdì RTX 3060 jẹ́ 170. Ẹni tí ó bá ro 65 pọ̀ mọ́ 170 lè sọ pé àpótí iná 300 tó. Kò tó! Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe káàdì náà ní kí a lo 550, nítorí pé iná tí káàdì ń fà máa ń fò sókè lójijì, àwọn ẹ̀yà yòókù náà sì ń jẹ tiwọn. Ẹ má fi ẹ̀dínwó ra àpótí iná tí kò ní orúkọ, nítorí bí ó bá kú, ó lè pa àwọn yòókù. Àwa tí a sì mọ bí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ilẹ̀ wa, kí á fi owó UPS kún ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó ṣiṣẹ́ tán, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ìsọ̀, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Mo ní owó tí ó ṣòfò, èmi ni n ó san án láti inú owó oṣù mi. Wọ́n bu gàrí fún oníbàárà kan, wọ́n fi ọwọ́ ra orí kọ́ńgò náà, wọ́n wá ní, "Nígbà tí o wà ní kékeré, bí mo bá rán ọ lọ ra ọmọrí, ìwọ a gbé ìkòkò dání lọ sọ́jà láti fi wọ̀n ọ́n. Ta ni ó sọ fún ọ pé ìwé ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ?"

Ẹ̀yin olùkọ́ bíi tèmi, abèèrè kì í ṣìnà. Ọmọ tí ó bá ní kí á bèèrè ná, ẹ má fi ojú pa á lẹ́nu mọ́. Kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé wọn báyìí. Lálẹ́ àná, mo lọ síbẹ̀. Ọmọ náà gbá mi ní góòlù 5 sí òdo, ó sì gba owó mi.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.