Ọkọ̀ Pupa Tó Wà Nínú Yàrá Físíìsì

Bí ẹ bá dé yàrá físíìsì, ẹ ó rí ọkọ̀ pupa kékeré kan lórí pẹpẹ. Ọkọ̀ eré ìje tí a ń fi rédíò darí ni. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan ni ó fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ẹ̀bùn dáradára ni, ṣùgbọ́n kò tíì rìn ní Lánlátẹ̀ rí. Àpòpọ̀ methanol, nitromethane àti òróró ni ó ń mu, a kò sì rí ẹni tó ń tà á. Ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì dá a lábàá pé kí a rọ epo alùpùpù sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀, nítorí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹntiróòlù ṣiṣẹ́.

Èrò wa ni pé kí a yọ ẹ́ńjìnnì náà, kí a fi mọ́tò iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọmọ ni yóò ṣe é.

Àwọn kan ní ẹnu-ọ̀nà tuntun ni ó yẹ kí owó àyájọ́ kọ́. A kò kórìíra ẹnu-ọ̀nà tó lẹ́wà, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ ṣì ń ṣí, ó sì ń tì. Ohun tí a kò ní ni tábìlì iṣẹ́, fáìsì, irin tí a fi ń jó wáyà pọ̀, mítà tí a fi ń wọn iná, àti páànẹ́lì oòrùn kan.

Ẹ wo iṣẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì, táǹkì epo àti páìpù èéfín yóò kúrò. Fírémù, táyà, ṣọ́kì àti ẹ̀rọ tí ń yí ẹsẹ̀ iwájú yóò dúró. Ìjókòó mọ́tò ni ìṣòro wà. Ihò ẹ́ńjìnnì kò bá ti mọ́tò mu, nítorí náà ọmọ ní láti wọn ọ́n, kí ó gé alumíníọ̀mù, kí ó lu ihò mìíràn, títí eyín jíà kékeré yóò fi bá ti ńlá mu. Bí ó bá há jù, jíà yóò máa jẹ ara rẹ̀; bí ó bá dẹ̀ jù, eyín yóò ré. Ibi tí a bá gbé bátìrì sí ni yóò sọ bóyá ọkọ̀ yóò dojú dé ní kọ́nà. Ìdí rèé tí a fi fẹ́ kí àwọn ilé inú ilé-ìwé fi í díje: orí ìje ni àbùkù iṣẹ́ ti ń hàn.

Ewu wà níbẹ̀. Bátìrì lithium tí a bá gún, tàbí tí a bá fún ní iná kọjá ìwọ̀n, lè gbiná. Olùkọ́ ni yóò máa dúró tì í. Ní ti iná, bátìrì onífólítì 14.8 tí ó gba 5 áńpù-wákàtí kò ju 74 wáàtì-wákàtí lọ. Páànẹ́lì 100 wáàtì yóò kún un láàárín wákàtí kan sí méjì. Ta ni kò mọ oòrùn pápá ìṣeré wa?

Ẹni tó bá pè é ní eré ọmọdé, kí ó rántí Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ìròyìn rẹ̀ kàn ní 2014 nígbà tó sọ Volkswagen ìjàpá di ọkọ̀ tó ń fi oòrùn àti afẹ́fẹ́ rìn. Ní Maiduguri, Mustapha Gajibo yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kúrò nínú àwọn bọ́ọ̀sì kékeré, ó sì fi iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, kò sí òbí kan ní Ìbàràpá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìwúlò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìlú yìí ni wọ́n gbé ibùdó sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí. Àwo ńlá rẹ̀ ni ohùn tẹlifóònù ń gbà lọ sí òkè òkun nígbà náà. Àwọn ọmọ wa ń wo àwo náà láti ẹ̀bá ọ̀nà. Mélòó nínú wọn ni a jẹ́ kí ó di irinṣẹ́ mú?

Kọ́kọ́rọ́ yàrá físíìsì wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ àyájọ́, kí ó béèrè. A ti nu eruku rẹ̀.