Ọmọ Ìyá Ni Kajú àti Máńgòrò

Àsìkò kajú ti dé sí Navy Town wa ní Òjó, àwọn ọmọdé kò sì kúrò lábẹ́ igi mọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ń ká aṣọ lórí okùn nígbà tí mo gbọ́ igbe ọmọkùnrin aládùúgbò mi, ọmọ ọdún méje. Ó ti jẹ èso kajú tán, ó wá fi eyín fọ́ kóró rẹ̀ ní tútù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ètè rẹ̀ ti wú, ó sì ti lé ròrò. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ ló dùn mí jù: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, lọ́dún tó kọjá, máńgòrò ló jẹ tí ẹ̀bá ẹnu rẹ̀ fi sú. Lọ́dún yìí, kajú ni. Ṣé kì í ṣe pé àwọn kan ń ṣe ọmọ mi báyìí?” Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti ń wo ilé kejì.

Mo ní kí ó fara balẹ̀. Kò sí ọ̀tá kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹbí igi.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ nípa ewéko ṣe ń wo òdòdó àti èso kí wọ́n tó pín igi sí ìdílé. Ta ni yóò rò pé èso peach ti ìlú òyìnbó bá òdòdó róòsì tan? Ìdílé kan náà ni wọ́n, ápù tí à ń rà ní Ìyànà-Ìbà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nectarine tilẹ̀ ju ìbátan lọ: peach gan-an ni, irun wẹ́wẹ́ ara èèpo nìkan ni kò ní.

Tiwa ni ti kajú, máńgòrò àti ìyeyè. Anacardiaceae ni wọ́n ń pe ìdílé wọn, láti ara orúkọ kajú. Ilẹ̀ Éṣíà ni máńgòrò ti ṣẹ̀; Brazil ni kajú ti wá, àwọn Potogí ló sì gbé e kọjá òkun. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru náà ni orírun ìyeyè. Síbẹ̀, ẹ wo òdòdó wẹ́wẹ́ wọn tó ń ṣù jọ ní ṣóńṣó ẹ̀ka, ẹ ó rí àmì ẹbí. Kajú ló ń tan ọmọdé jẹ: igi ọrùn èso tó wú ni ohun pupa tí à ń jẹ, kóró tó so rọ̀ nísàlẹ̀ ni èso gan-an.

Inú èèpo kóró yìí ni oje tó ń jó ara wà. Irú oje tó bá a tan wà ní èèpo máńgòrò àti ní ìdí rẹ̀ níbi tí a ti já a. Ara ẹni tí ọ̀kan ti pa lára rí lè dá èkejì mọ̀.

Kí ni kí a ṣe, ẹ̀yin òbí? Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé kóró kajú tútù kì í ṣe ohun à ń fi eyín fọ́. Bí oje rẹ̀ bá kan ara, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ kíákíá, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ náà nu ojú. Ẹ má yan kóró náà nínú ilé, nítorí èéfín rẹ̀ a máa ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ fọ máńgòrò, kí ẹ sì bó o fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ti sú rí. Àwọn kan sì wà tí ara wọn kò gba kóró kajú rárá, ì báà jẹ́ yíyan. Bí ojú tàbí ahọ́n ọmọ bá ń wú, tí kò sì lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ètè ọmọ náà ti ń jinná. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ kí ìyá ilé kejì bí ó ti máa ń kí i. Èyí ni mo dúpẹ́ fún jù. Kí a tó fẹ̀sùn kan ọmọ aráyé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi igi léèrè ìdílé tó ti wá.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.