Àgbà Tó Ti Ọwọ́ Bọ Kèrègbè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìdajì àkọ́kọ́ dùn lẹ́nu àwa àgbà púpọ̀. Ìdajì kejì ni mo mú lónìí, torí mo mọ àgbà kan tó ti ọwọ́ bọ kèrègbè, tó sì wọ̀ ọ́.

Lọ́dún 1963, ọ̀rọ̀ ẹrù dojú rú fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Bàálù kékeré tó ń gbé ẹrù lọ bá àwọn ọkọ̀ òkun tí bàálù ń balẹ̀ sí kò lè fò jìnnà. Bí ọkọ̀ bá ti wọ agbami, ọwọ́ ọmọdé kò tó o mọ́. Bàálù ńlá akẹ́rù C-130 Hercules lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 132. Ta ni yóò gbé irú ìyẹn balẹ̀ sórí ọkọ̀ òkun?

James Flatley, awakọ̀ bàálù wọn kan, ni wọ́n yàn. Ní oṣù Kẹwàá, ó gbé Hercules bà sórí ọkọ̀ USS Forrestal lójú òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn bàálù ajagun tó ń sáré bí àṣá, àfi kí ìkọ́ ìdí wọn há mọ́ okùn irin kí wọ́n tó dúró. Hercules, bàbá wọn yìí, kò ní ìkọ́ rárá. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tó wà níwájú apá rẹ̀ ni oògùn rẹ̀: awakọ̀ lè yí ojú wọn padà, kí wọ́n máa ti atẹ́gùn síwájú dípò ẹ̀yìn. Ó wọn bíi tọ́ọ̀nù 55, síbẹ̀ ó dúró láàárín ẹsẹ̀ bàtà 460, ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 745 gbéra. Ìgbà 21 ló balẹ̀ tó dúró pátápátá. Àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó apá rẹ̀ àti ilé gogoro orí ọkọ̀ kò pé ẹsẹ̀ bàtà 15! Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára bàálù náà pé, "Màmá, ẹ wò ó, kò sí ìkọ́." Ìgbéraga ọmọdé lára àgbà, mi ò bá wọn wí.

Ṣé òwe wá purọ́ ni? Rárá o. Ọwọ́ wọ kèrègbè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ohun mìíràn nínú rẹ̀ mọ́. Pé àgbà lè ṣe é kò ní kó jẹ́ òun ni yóò máa ṣe é. Àwọn ọ̀gá ogun rí i pé ewu rẹ̀ ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bàálù Grumman C-2, tó ju bàálù kékeré àtijọ́ lọ tó sì kéré sí Hercules, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Bàálù tí Flatley gbé fò náà wà ní Pensacola, ní ìpínlẹ̀ Florida, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.