Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀ Lórí Káàdì Ilé Ìwòsàn

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan nínú ìjọ fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì na káàdì ilé ìwòsàn ọmọ rẹ̀ sí wa. Dókítà ti kọ “anaemia” síbẹ̀. Leukaemia ni ó pa aládùúgbò rẹ̀ kan, ìyá yìí sì kíyè sí i pé ìparí ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí kò fojú kan oorun. Ojú tì í láti bi dókítà, ẹ̀rù sì bà á láti sọ fún ọkọ rẹ̀. Nítorí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ tú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí palẹ̀ lóṣù yìí.

Inú èdè Gíríìkì àtijọ́ ni àwọn oníṣègùn ti ṣa púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ohun tí àwa ń pè ní ẹ̀jẹ̀, haima ni àwọn Gíríìkì ń pè é. Bí ó bá wà níwájú ọ̀rọ̀, haem- ni ẹ ó rí. Bí ó bá wà lẹ́yìn, -aemia ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń yọ “a” kúrò, wọn a kọ hem- àti -emia. Ẹ má ṣe rò pé àìsàn mìíràn ni. Ẹni tó bá ka Mátíù 9:20 ní èdè Gíríìkì yóò bá haima pàdé níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣàpèjúwe obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀.

“An” tó ṣáájú nínú anaemia túmọ̀ sí “láìní”. Aristotle, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì, lo irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn kòkòrò, tí ó kà sí ẹ̀dá aláìlẹ́jẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn tí kò lẹ́jẹ̀ rárá ti di òkú. Ohun tí dókítà ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tó. Ibà lè fà á, aràn inú lè fà á, oúnjẹ tí èròjà irin kò tó nínú rẹ̀ náà lè fà á.

Leukaemia yàtọ̀. Leukos ni funfun. Rudolf Virchow, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó sọ ọ́ lórúkọ yìí ní 1847, nítorí sẹ́ẹ̀lì funfun tó pọ̀ rékọjá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà. Jẹjẹrẹ ni. Òótọ́ ni pé ẹni tó ní leukaemia lè ní anaemia pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní anaemia kò ní leukaemia rárá.

Èyí tí ó kan ilé wa jù ni haemoglobin. Àdàlù Gíríìkì àti Látìn ni ọ̀rọ̀ náà, bí ìgbà tí ọmọ Èkó bá ń sọ Yorùbá! Òun ni ó mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n, òun ni ó sì ń gbé atẹ́gùn tí a mí símú káàkiri ara. Lẹ́tà A àti S tí ẹ ń rí nínú èsì àyẹ̀wò genotype, irú haemoglobin tí ènìyàn ní ni wọ́n ń sọ. Ní 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé haemoglobin àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti kí ọmọ náà jẹ́ SS. Ẹ̀yin àfẹ́sọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra aṣọ ìgbéyàwó ni kí ẹ wo káàdì ara yín. Haemolysis ni fífọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ti ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń lò tó 120 ọjọ́. Ti ọmọ SS kì í sábà kọjá 20. Ìdí nìyẹn tí ẹyinjú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi máa ń pọ́n bí ìyeyè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àbíkú.

Haemophilia, “ìfẹ́ ẹ̀jẹ̀”, orúkọ tí kò bá àìsàn mu rárá lójú tiwa: ẹ̀jẹ̀ tí kì í tètè dì ni. Òun ni ó bá Leopold, ọmọ Ọbabìnrin Victoria, jà títí ó fi kú ní 1884. Àwọn ọmọkùnrin ni ó wọ́pọ̀ lára wọn. Bí ojú ilà tí a kọ fún ọmọkùnrin kò bá dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Méjì kù tí kò yẹ kí ẹ ṣì mú. Haemoptysis ni kí ènìyàn máa húkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó lè pupa, kí ó sì máa hó, ikọ́ ife sì lè fà á. Haematemesis ni kí ènìyàn máa bì ẹ̀jẹ̀. Ó lè dúdú bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, ọgbẹ́ inú sì lè fà á. “Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀” nìkan ni àwọn tó gbé aláìsàn wá sábà máa ń sọ. Dókítà yóò bi yín: ṣé ó húkọ́ ọ ni àbí ó bì í? Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó dà á nù.

Ìyá tó na káàdì sí wa ti padà lọ bi dókítà. Aràn inú ni wọ́n bá lára ọmọ náà. Ó ti lo oògùn, ó sì ti ń sáré kiri nínú ọgbà ìjọ.