Ìkòkò tó ń fún ewé lómi fúnra rẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé pé kí kálukú gbin ewé ìlò rẹ̀ sílé, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ ṣáá: "Ta ni yóò máa bomi rin ín?" Wọn ò purọ́. Ilé tí bàbá ń ṣe ṣífíìtì alẹ́ ní títì Ọba Akran, tí ìyá ń jáde lọ sọ́jà ní kùtùkùtù, tí àwọn ọmọ wà níléèwé, ta ló fẹ́ jókòó ti ike ewé?

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára nìyí. Mo ti rí ẹni tó ń já rinrin lẹ́bàá gọ́tà kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́, níbi tí omi aláwọ̀ búlúù ti ń ṣàn kọjá. Ewé bẹ́ẹ̀ la máa rà lọ́jà, tí a ó gún sínú omi ẹ̀rọ̀, tí a ó fi wẹ ọmọ tuntun. Bí a fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá, ohun tí gbòǹgbò ti mu kò ní tìtorí ìyẹn jáde. Ẹ má jẹ́ ká fi ọmọ wa dán irú ewé bẹ́ẹ̀ wò.

Ilẹ̀ wa yìí náà sì ni ilẹ̀ oko tẹ́lẹ̀. Kòkó àti obì ló kún Agége nígbà tí J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Lẹ́yìn 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀ Ìkẹjà ṣe àdúgbò ilé iṣẹ́. Ní báyìí, kọnkéré ló kún àgbàlá wa, inú ike la ó ti máa gbin nǹkan.

Èyí tí ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣe ni ti ike omi: ẹ gé e sí méjì, ẹ dojú apá òkè dé inú apá ìsàlẹ̀, ẹ lu ìdérí rẹ̀, ẹ ki òwú gba ibẹ̀, kí ilẹ̀ wà lókè, kí omi wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ fìtílà ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí òwú ṣe ń fa epo lọ síbi iná, bẹ́ẹ̀ ló ń fa omi lọ sí gbòǹgbò. Ó dára, àmọ́ ó ń fẹ́ àtúnṣe.

Okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń di ẹrù kì í fa omi dáadáa. Aṣọ òwú tó ti gbó ló dára, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi kí ẹ tó kì í wọlé, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti ń jẹrà. Ẹ má jẹ́ kí omi jìnnà sí ilẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, torí òwú náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ lu ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike níbi tí ẹ fẹ́ kí omi dúró sí. Bí òjò bá kún un, ihò yẹn ni àjẹkù máa gbà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbòǹgbò á rì sómi. Ẹ fi ọ̀rá dúdú wé e lára kí oòrùn má baà sọ omi di aláwọ̀ ewé, kí ẹ sì dí gbogbo àlàfo. Ẹ̀fọn kò bìkítà pé ewé òrìṣà lẹ ń gbìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin rẹ̀ ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Kẹ́ẹ̀gì kẹ́míkà tí wọ́n ń tà ní pọ̀ọ́kú lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Kì í ṣe gbogbo ewé ló fẹ́ ike yìí. Rinrin fẹ́ràn rẹ̀, tẹ̀tẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù náà fẹ́ràn rẹ̀. Òdúndún ò fẹ́ ẹ rárá: inú ewé rẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí, tí ìdí rẹ̀ bá ń tutù ṣáá, á rà. Ọ̀pá akòko àti ti pèrègún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló wá le jù. Wọn ò tíì ní gbòǹgbò, wọ́n fẹ́ ọ̀rinrin, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ kí atẹ́gùn dé ibi tí a ti gé wọn.

Fún irú ìwọ̀nyí, àmù àwọn ìyá wa ni mo fara mọ́. Ṣé ẹ rí bí àmù ṣe máa ń làágùn? Omi ló ń gba ara amọ̀ jáde. Ohun kan náà ni Mohammed Bah Abba lò ní Jigawa, tó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, tó fi yanrìn tútù sáàárín wọn kí ẹ̀fọ́ má baà tètè bàjẹ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Ní Ṣáínà, Fan Shengzhi ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn pé kí wọ́n ri ìkòkò tó kún fómi mọ́ ilẹ̀ láàárín ọ̀gbìn. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, á fa omi. Bí ilẹ̀ bá tutù, omi á dúró sínú ìkòkò. Ilẹ̀ ló ń bu ìwọ̀n tirẹ̀.

Ẹ wá báàfù ńlá, ẹ lu ìdí rẹ̀, ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn, kí ẹ ri ìkòkò amọ̀ kékeré sáàárín títí dé ọrùn. Ẹ fi àwo dé e. Kó má jẹ́ èyí tí wọ́n kùn lọ́dà, ọ̀dà ti dí ojú rẹ̀ pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì lọ gbé ìkòkò ìyá Ọ̀ṣun kúrò lójúbọ tìtorí ọ̀rọ̀ mi o! Ẹ gbin ọ̀pá yí i ká, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ara ìkòkò, kí ẹ fi ewé kan tàbí méjì péré sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń bu omi sí tèmi. Ọ̀pá akòko mẹ́jọ ni mo fi yí i ká, mẹ́fà ti rúwé. Méjì ti ní olówó. Àwọn ìyá Ọlọ́ṣun ilé wa ló ni wọ́n. Mẹ́rin tó kù, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ike tó mọ́ wá lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá ni kó wá mú tirẹ̀.