Ta Ni Ń Fọhùn fún Ọmọ Ọwọ́?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí bá ìbéèrè kan mu tí ó ń da àwọn òbí láàmú: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi ọmọ ọwọ́ sínú ìdánwò oògùn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde?

Láyé àtijọ́, ọmọ tí ń kú tí ń padà wá, àbíkú ni wọ́n ń pè é. Wọn a sọ ọ́ ní Málọmọ́ tàbí Kòsọ́kọ́. Lónìí, àwọn oníṣègùn kan gbà pé àrùn ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ baba àti ìyá ni ó pa púpọ̀ nínú wọn.

Kíkọ ìdánwò pátápátá kò lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Ní 1998 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hydroxyurea fún àgbàlagbà. Ó di 2017 kí ó tó kan ọmọdé. Ìdánwò BABY HUG, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, gba ọmọ 193 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 9 sí 18. Ó fi hàn pé oògùn náà dín ìrora àti ọwọ́-ẹsẹ̀ wíwú kù.

Síbẹ̀, ẹ̀rù òbí kì í ṣe lásán. Ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tí ń gan ọmọ lọ́rùn ní Kano, Pfizer fi oògùn Trovan ṣe ìdánwò tí ó gba ọmọ 200; 11 kú. Àwọn òbí kan ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà jiyàn. Ní 2009, òun àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Kano parí ẹjọ́ náà lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Òfin Ìlera ti 2014 ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ buwọ́ lùwé lẹ́yìn àlàyé, kí ó sì jẹ́ fún ire ọmọ. Àṣà ní ohun tí yóò fi kún un. Gbogbo ẹbí ni ó ń pé jọ sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n ní Opebi, nínú ìgboro Ikẹjà, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń gbé níbi tí ó jìnnà sí agbo ilé wọn. Ìwé èdè òyìnbó lè bá ìyá nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ tí ń ké. Ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ kò dúró dáadáa.

Kí wọ́n ka ìwé náà fún wọn lédè Yorùbá. Kí òbí gbé e lọ sílé, kí àgbà kan bá wọn jókòó tì í. Kí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè yọ ọmọ kúrò nígbàkígbà, kí ìtọ́jú rẹ̀ má sì dúró. Àgbà tí ó béèrè, tí ó gbọ́, kí ó tó gbà tàbí kí ó tó kọ̀, òun ni ó wà lọ́jà.